Ta Ni Ó Jẹ̀bi Nígbà Tí Eléré Bá Fara Pa?

Ìbéèrè tí ẹ gbé síwájú wa ní alẹ́ òní kò gùn, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀: bí agbábọ́ọ̀lù bá fara pa, ǹjẹ́ àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a dá lẹ́bi? Eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbá mọ́lẹ̀ tí a sì ń jù sínú àwọ̀n tí ó wà lókè, ni ó bí ìbéèrè náà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta owó ńláńlá lé eré yìí lórí, léraléra ni irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí pápá ilé-ìwé tiwa níhìn-ín.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó ṣe àlàyé. Lójú tèmi, ẹ̀bi kò gbọdọ̀ tóbi ju àṣẹ lọ. Bí àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ oníṣègùn bá ṣe tó ni ẹ̀bi rẹ̀ yóò ṣe tó. Bí ó bá mọ òtítọ́ nípa ara eléré, tí ó sì fi í pamọ́ fún un, ó jẹ̀bi. Bí ó bá sọ òtítọ́ jáde, tí àwọn tí ó ni àṣẹ kọ etí dídi sí i, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti di tiwọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Wọn kò sọ pé kí ọba gé ìka tí ó bá sún mọ́ ọn jù.

Ẹni tí ó bá dàgbà sí ẹ̀bá omi mọ bí iṣẹ́ inú ọkọ̀ ṣe pín. Atukọ̀ jókòó sí ẹ̀yìn, òun ni ó ń darí. Àwọn tí wọ́n di àjẹ̀ mú ń wà á. Ẹnì kan sì wà ní àárín tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń gbọ́n omi dà nù. Ẹni tí ń gbọ́n omi yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń jò, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni omi kọ́kọ́ ń kàn. Bí ó bá rí omi tí ó dákẹ́, tí ọkọ̀ sì dà, kò ní àwáwí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kígbe pé omi ń wọlé, tí atukọ̀ sì ní àfi kí àwọn la ìgbì kọjá dandan nítorí ọjà tí àwọn fẹ́ bá, ta ni a óò mú? Oníṣègùn ẹgbẹ́ ni ẹni tí ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ eré. Igbá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdarí kò sí níbẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí orúnkún ọmọ kan bá yẹ̀ lórí pápá, gbólóhùn tí ó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ó fara pa." Ẹ tú u wò: ó fi ara pa. Ọmọ náà ni olùwà, ara rẹ̀ ni àbọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú gbólóhùn náà. Èdè kan náà tún fún wa ní gbólóhùn mìíràn: "Wọ́n pa á lára." Níhìn-ín, ẹlòmíràn ni olùwà, ọmọ náà ni ó sì di àbọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni "ara" nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni "pa", ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é yàtọ̀. Nígbà tí a bá yára sọ pé ọmọ fara pa, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé ó fara pa ni, àbí wọ́n pa á lára?

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá láti inú bọ́ọ̀lù agbọ̀n, kí a lè rí i pé ẹjọ́ wọn kò dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni ti Bill Walton, ọkùnrin gíga kan tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Portland Trail Blazers, tí ó sì bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1977. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìdíje ń sún mọ́ òpin, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ibi tí ó ń dunni kú, ó sì wọ inú eré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé eegun rẹ̀ ti ṣẹ́. Inú bí i sí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ó kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́, gbogbo sáà tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì fi jókòó. Ìrora ni agogo tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara. Ẹni tí ó bá pa agogo náà lẹ́nu mọ́ kí eré má bàa dúró, tí kò sì kọ́kọ́ wá ìdí tí agogo fi ń dún, ní ìdáhùn láti fọ̀.

Èkejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọmọ Yorùbá ni. A bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní Èkó ní ọdún 1963. Ó lọ sí Yunifásítì Houston ní ọdún 1980, nígbà tí ó sì di ọdún 1984, òun ni agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ líìgì ńlá Amẹ́ríkà ní ọdún náà. Ẹgbẹ́ Houston Rockets ni ó mú un. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, Ọlájùwọ́n sọ pé iṣan ẹ̀yìn itan ń dun òun, òun kò lè ṣeré. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ara rẹ̀ yá tó láti ṣeré, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó àdéhùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọlájùwọ́n ní irọ́ ni, òun kò díbọ́n. Ẹ kíyè sí i pé èyí yí ti Walton po. Ti Walton, ara ń kígbe, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ti Ọlájùwọ́n, ẹnu rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀, wọn kò sì gbà á gbọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wọn ìrora bí a ti ń wọn gàrí. Nígbà tí ẹni tí ń yẹ ara wò bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹni tí ń san owó, tí ìjà owó sì wà nílẹ̀, ta ni yóò gba ìdájọ́ rẹ̀ láìṣiyèméjì? Ó lè jẹ́ olóòótọ́, síbẹ̀ ìjókòó tí ó jókòó sí ti ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Ọlájùwọ́n àti ẹgbẹ́ náà parí ìjà wọn. Ó dúró tì wọ́n, ó sì bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1994 àti ọdún 1995.

Ẹ̀kẹta ni ti Kevin Durant. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ fà nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Golden State Warriors. Ó sinmi fún nǹkan bí oṣù kan. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nínú ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Toronto, wọ́n sì mú un wọlé. Kò pẹ́ tí ó fi já iṣan gìgísẹ̀, kò sì ṣeré ní gbogbo sáà tí ó tẹ̀ lé e. Ariwo sọ, gbogbo ìka nà sí àwọn oníṣègùn. Bob Myers, tí ó jẹ́ alákòóso ẹgbẹ́ náà nígbà náà, jáde síwájú àwọn oníròyìn pẹ̀lú omijé lójú, ó ní bí ó bá di dandan kí a dá ẹnìkan lẹ́bi, òun ni kí a dá lẹ́bi. Mi ò sọ pé omijé rẹ̀ wo gìgísẹ̀ sàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó mọ ibi tí àṣẹ wà, ó sì lọ dúró síbẹ̀.

Wàyí o, kí ni àwọn ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kọ́ wa? Wọ́n kọ́ wa pé oníṣègùn ẹgbẹ́ ń sin ọ̀gá méjì. Ẹ̀jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé aláìsàn ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ rò. Ìwé owó oṣù rẹ̀ sì sọ pé ẹgbẹ́ ni ó gbà á sí iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí eré kò bá le, ọ̀gá méjèèjì a máa rẹ́. Ní ọjọ́ àṣekágbá, wọ́n a máa fà á lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó dá eléré padà sí pápá, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò ní ojo ni. Bí ó bá yá jù, ayé yóò ní apànìyàn ni. Àwọn eléré pàápàá kì í ràn án lọ́wọ́: òmíràn a máa fi ìrora pamọ́ nítorí kí wọ́n má bàa fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwa òǹwòran ńkọ́? Àwa ni a ń pariwo pé kí ó dìde, kí ó má ṣe bí ọmọdé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé àwíjàre ni mo ń wí fún àwọn dókítà. Yóò ní, "Wọ́n kàwé, wọ́n gba owó, wọ́n mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Bí wọn kò bá lè sọ pé rárá, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wá sílé, sí ilẹ̀ Nàìjíríà, kí a wo ohun tí oníṣègùn lè ṣe bí ó bá wà níbẹ̀, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, Èkó, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nítorí ife àgbáyé ọdún 1990. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, amòfin tí ó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣubú lórí pápá nígbà tí eré ń lọ sí òpin, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti wú tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó sunkún.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1996, Nwankwo Kanu, tí ó ṣe olórí ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba wúrà nínú eré Òlíńpíìkì ní Atlanta, lọ sí ẹgbẹ́ Inter Milan ní Ítálì. Àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí àléébù ní ọkàn rẹ̀. Wọn kò gbé e pamọ́. Wọ́n dá a dúró, ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, ó sì padà sórí pápá ní ọdún 1997. Ní ọdún 2000, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń ran àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn ọkàn lọ́wọ́. Àyẹ̀wò kan ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn sì ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2020, ní Láfíà, Chineme Martins ti ẹgbẹ́ Nasarawa United ṣubú nínú eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ Katsina United, ó sì kú. Ìròyìn tí ó gba ìlú kan ni pé ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kò ṣiṣẹ́, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi gbé e. Ẹ wo èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Christian Eriksen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tí ọkàn rẹ̀ dúró lórí pápá ní Copenhagen ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2021. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí. Ó yè, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 2022. N kò ní sọ pé bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Láfíà, Martins ìbá yè, nítorí Ọlọ́run nìkan ni ó mọ èyí. Ohun tí mo lè sọ ni pé oníṣègùn tí a kò fún ní ọkọ̀ àti ohun èlò, tí a wá ń dá lẹ́bi, dà bí ẹni tí a gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ tí a ní kí ó gbọ́n omi.

Èyí ni ó mú mi dé ẹ̀bá òkun wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Àwa ń jiyàn nípa ẹ̀bi oníṣègùn ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Ìlàjẹ, ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, kò sí oníṣègùn kankan lórí pápá. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni mọ́tò kò lè dé. Bí ọmọ kan bá dákú lórí iyanrìn ní Awóyè tàbí ní Ayétòrò, kò sí ọkọ̀ aláìsàn tí yóò fọn fèrè dé. Ọkọ̀ ojú omi ni a óò fi gbé e, bí ẹ́ńjìnnì bá wà, bí epo bá wà nínú rẹ̀, bí ìgbì bá sì gbà. Níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, ibi tí ọmọ yóò ti sáré pàápàá ń dín kù, ilẹ̀ tí ó kù kò sì tẹ́jú. Ta ni dókítà lórí irú pápá bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ eré ni. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá? Òun náà ni. Ta ni ó sì fẹ́ kí ilé-ìwé gba ife kí orúkọ rẹ̀ lè tàn? Òun náà kúkú ni. Ọ̀gá méjì tí oníṣègùn Amẹ́ríkà ń sìn, inú ènìyàn kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Atukọ̀ ni, òun náà ni ó ń gbọ́n omi. Bí àṣẹ bá pé sọ́wọ́ ẹnìkan báyìí, ẹ̀bi náà yóò pé sọ́rùn rẹ̀, àfi bí a bá pín àṣẹ náà ṣáájú.

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn mẹ́rin, kò sì sí èyí tí ó kọjá agbára ilé-ìwé wa.

Ìkíní, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan, olùkọ́ mìíràn tàbí nọ́ọ̀sì ìlú, tí kì í ṣe ẹni tí ń kọ́ wọn ní eré, tí ó lè sọ fún ọmọ pé "Jáde," tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a padà, títí kan ọ̀gá àgbà.

Ìkejì, kí a bi òbí léèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà bóyá ọmọ máa ń dákú, bóyá àyà máa ń dùn ún nígbà tí ó bá sáré, bóyá ẹnìkan nínú ìdílé kú lójijì ní èwe. Kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ bá kọni lóminú, kí ó rí dókítà kí ó tó sáré.

Ìkẹta, kí a kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ọmọ tí ó fi orí gbá nǹkan tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú kò gbọdọ̀ padà sínú eré ní ọjọ́ náà. Ọrùn ẹsẹ̀ tí ó rọ́ kò fẹ́ kí a sáré fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ, nítorí yóò wú sí i. Ó fẹ́ ìsinmi, ohun tútù, aṣọ tí a fi dì í ṣinṣin díẹ̀, àti kí a gbé e sókè. Omi dídì tí àwọn oníṣòwò ẹja ń lò, bí a bá fi aṣọ wé e, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kí olùkọ́ méjì ó kéré tán sì mọ bí a ti ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ní.

Ìkẹrin, ní ọjọ́ eré, kí ọkọ̀ ojú omi kan dúró ní èbúté pẹ̀lú epo nínú rẹ̀ àti awakọ̀ tí kò ní lọ wo bọ́ọ̀lù. Bí kò bá sí ọkọ̀, kí a sún eré síwájú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yin tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, iṣẹ́ tiyín ni láti yí èdè wa padà lórí pápá. Bí ọmọ bá wí pé ibì kan ń dun òun, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé kí ó ṣe bí ọkùnrin. Ẹ bi í pé, "Níbo? Láti ìgbà wo?" Ìbéèrè méjì yìí, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìdájọ́ mi rèé, olóòtú ètò. Oníṣègùn ẹgbẹ́ tí ó fi òtítọ́ pamọ́ jẹ̀bi, kí ó sì jìyà rẹ̀. Èyí tí ó sọ òtítọ́ tí a kò gbọ́ jàre, kí a wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò gbọ́. Ibi tí kò bá sì sí oníṣègùn rárá, kí ẹni tí ó fọn fèrè pé kí eré bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé òun ni ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ náà sọ́wọ́, títí wọn yóò fi dé ilé ìyá wọn.